Orí Keje: Eegun Ìhà Tó Ṣẹ́, Èémí Tó Há, àti Iṣẹ́ Abẹ

Láti Sakété títí dé Pobè ní orílẹ̀-èdè Benin, ilẹ̀ pupa ni, ọ̀pẹ ló sì bò ó. Ọdún 1922 ni wọ́n ti dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè, irú ọ̀pẹ kúkúrú tó ń tètè so sì ti wọ oko púpọ̀ láti ìgbà náà. Síbẹ̀, ọ̀pẹ ìbílẹ̀ tó ga fíofío ṣì wà káàkiri, igbà ni akọ̀pẹ sì fi ń gùn ún. Bí igbà bá já, tàbí tí agbọ́n bá yọ sí i lókè, ilẹ̀ líle ló ń gbà á. Ẹ tún gòkè lọ sí Kétu: ọ̀nà tó gba Ìlárá wọ Nàìjíríà kún fún alùpùpù tó ru jálá epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń pè ní kpayo, fún zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, tó gbé èrò méjì pọ̀, àti fún ọkọ̀ ńlá tó kó àgbàdo. Bí alùpùpù bá kọ lu nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ ni àyà ẹni tó ń gùn ún máa ń kọ́kọ́ bá. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ẹkùn Plateau yóò pàdé eegun ìhà tó ṣẹ́ kó tó pẹ́ rárá.

Orí ìwé yìí dá lórí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń to irú eegun bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀rọ̀ kan dání kó tó ka síwájú: èémí ni à ń tọ́jú. Eegun ìhà tó ṣẹ́ lásán kì í pa ènìyàn. Èémí tí kò wọlé dáadáa ló ń pa á. Ẹni tó bá mọ èyí yóò mọ ìgbà tó yẹ kí a gbé ọ̀bẹ àti ìgbà tí kò yẹ, yóò sì mọ ohun tó lè ṣe ní ilé ìwòsàn kékeré tí kò ní yàrá iṣẹ́ abẹ àyà.

Ẹwìrì inú àyà

Eegun ìhà méjìlá ló wà ní apá ọ̀tún, méjìlá sì wà ní apá òsì. Gbogbo wọn so mọ́ eegun ẹ̀yìn. Níwájú, méje àkọ́kọ́ fi eegun rírọ̀ tiwọn so mọ́ eegun àárín àyà; ìkẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá fara ti èyí tó wà lókè wọn; ìkọkànlá àti ìkejìlá kò so mọ́ ohunkóhun níwájú. Ní abẹ́ etí ìsàlẹ̀ eegun kọ̀ọ̀kan ni iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ń gbà kọjá. Ẹ má gbàgbé èyí, nítorí pé òun ló ń sọ ibi tí a ó gbé ọ̀bẹ sí nígbà tí a bá fẹ́ ti rọ́bà bọ àyà.

Ẹni tó bá ti dúró ní ilé alágbẹ̀dẹ rí mọ bí ẹwìrì ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé awọ rẹ̀ sókè, afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ jáde sí iná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àyà. Nígbà tí a bá mí sínú, ìhà gbéra, ó fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, awọ iṣan tó pààlà àyà àti ikùn sì rẹlẹ̀, àyè sì gbòòrò nínú. Ẹ̀dọ̀fóró kò ní agbára láti fẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé ògiri àyà nítorí pé awọ fẹ́lẹ́ méjì tó rin, tí kò sí afẹ́fẹ́ láàárín wọn, ló mú un lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ògiri bá bàjẹ́, tàbí tí afẹ́fẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ráyè wọ àárín awọ méjèèjì yìí, ẹwìrì kò lè fẹ́ná mọ́.

Eegun kẹrin sí ìkẹsàn-án ló sábà máa ń ṣẹ́. Àkọ́kọ́ àti ìkejì fara pamọ́ sábẹ́ eegun èjìká; bí wọ́n bá ṣẹ́, kí ẹ mọ̀ pé agbára tó kọ lu ènìyàn náà pọ̀ gan-an, kí ẹ sì wá ìpalára sí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà nítòsí. Bí àwọn tó wà nísàlẹ̀ bá ṣẹ́, ẹ yẹ ikùn wò pẹ̀lú. Ẹ̀dọ̀ wà lábẹ́ wọn ní ọ̀tún. Ní òsì, ẹ̀yà ara kan tí wọ́n ń pè ní spleen wà níbẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀, tó sì máa ń ya wẹ́rẹ́. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbájú mọ́ àyà títí tí ikùn fi kún fún ẹ̀jẹ̀.

Ìrora

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo akọ̀pẹ kan, ẹni ọdún 60, tó jábọ́ ní àárọ̀. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ yín lórí alùpùpù. Ó ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ dá, ó sì ní òun kàn fẹ́ lọ sùn nílé. Eegun mẹ́rin ló ṣẹ́ ní apá òsì. Ó ń mí wéréwéré, nítorí pé bó bá mí jinlẹ̀, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gún un. Kò fẹ́ wúkọ́. Ní ọjọ́ kejì, itọ́ ẹ̀dọ̀fóró ti dì sí ìsàlẹ̀ àyà, apá ibẹ̀ kò gba afẹ́fẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ibà dé. Ní ọjọ́ karùn-ún, òtútù àyà ti mú un, ó sì ń jà fún èémí. Kò sí ọjọ́ kankan nínú márààrún tí eegun fúnra rẹ̀ fẹ́ pa á.

Bulger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2000 lórí àwọn tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n rí i pé eegun kọ̀ọ̀kan tó bá ṣẹ́ kún un ń fi ìdá 19 nínú 100 kún ewu ikú, ó sì ń fi ìdá 27 nínú 100 kún ewu òtútù àyà. Nítorí náà, ẹ ka eegun tó ṣẹ́, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ orí. Ìyá àgbà tó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí eegun mẹ́ta ṣẹ́ fún, lè wà nínú ewu ju géńdé tí márùn-ún ṣẹ́ fún lọ.

Ìtọ́jú ìrora ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe ojú àánú lásán ni a fi ń ṣe é. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ tó ìwọ̀n lè gba paracetamol giramu 1 ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. A lè fi ibuprofen kún un bí kíndìnrín àti ikùn bá gbà á, kí a sì lo oògùn tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí kò bá tó. Bí ó bá ṣì ń dùn ún, a lè gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú sábẹ́ eegun kọ̀ọ̀kan tó ṣẹ́, níbi tí iṣan ìmọ̀lára ń gbà. Abẹ́rẹ́ yìí kò ná owó púpọ̀, nọ́ọ̀sì tó kọ́ iṣẹ́ akunnilóorun sì lè ṣe é ní ilé ìwòsàn agbègbè. Ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n lè gba ẹ̀gbẹ́ eegun ẹ̀yìn ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé kí oògùn máa kán síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Lẹ́yìn náà ni kí aláìsàn jókòó, kó wúkọ́, kó sì mí jinlẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ìrọ̀rí yìí mọ́ ìhà yín, kí ẹ wá wúkọ́ fún mi.” Ẹ sọ ọ́ ní wákàtí wákàtí. Bí kò bá sí ẹ̀rọ ìdánwò èémí, kó máa fẹ́ fèrè ọmọdé, tàbí kó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Kó dìde rìn bó bá ti lè dìde.

Kò sí ibi tí àwọn ara ilé kò ti mọ oníṣègùn tó ń to eegun. Wọ́n ní ọgbọ́n tó yẹ ká bu ọlá fún lórí apá àti ẹsẹ̀. Àmọ́ àyà yàtọ̀. Bí wọ́n bá fi òrí àti omi gbóná wọ́ ibi tó ṣẹ́, ṣóńṣó eegun lè gún ẹ̀dọ̀fóró. Bí wọ́n bá fi ọ̀já dì í pinpin kó má baà mì, wọ́n ti dènà èémí náà gan-an nìyẹn, òtútù àyà yóò sì tètè dé. Àwọn dókítà fúnra wọn fi báńdéèjì di àyà báyìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ̀ pé ó léwu, nítorí náà kí ẹ fi sùúrù bá mọ̀lẹ́bí sọ ọ́, kí ẹ má bú ẹnikẹ́ni.

Afẹ́fẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ níbi tí kò yẹ

Bí eegun bá gún ẹ̀dọ̀fóró, afẹ́fẹ́ yóò máa tú sínú àyè tó yí i ká. Nígbà mìíràn, ojú ihò náà ń ṣe bí ilẹ̀kùn tó ṣí síbì kan ṣoṣo: afẹ́fẹ́ ń wọlé, kò lè jáde, àyà ń wú, ọkàn ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, iṣan ọrùn ń yọ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Ẹ má dúró de àwòrán X-ray. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀, kí ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú rọ́bà àyà.

Rọ́bà náà ń wọlé ní àyè kẹrin tàbí ìkarùn-ún láàárín eegun, níwájú díẹ̀ sí ìlà àárín abíyá. Etí òkè eegun ìsàlẹ̀ ni ọ̀bẹ ń rìn lé, kó má baà bá iṣan tó wà lábẹ́ eegun òkè pàdé. Orí kejì rọ́bà náà ń wọ inú ìgò tó ní omi, ó sì rì sínú omi náà ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2. Afẹ́fẹ́ lè jáde pẹ̀lú ìfófòó, kò lè padà wọlé. Ìgò gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju àyà lọ nígbà gbogbo, ìbáà jẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí nínú ọkọ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ tó jáde lẹ́ẹ̀kan náà bá ju mìlílítà 1500 lọ, tàbí tí ó ń dà ní 200 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún wákàtí méjì sí mẹ́rin, iṣan kan ṣì ń tú. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí àyà láti dá a dúró. Ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì. Iṣẹ́ àtúntò eegun tí a ń lọ bá yìí jẹ́ èyí tí a ní àkókò láti rò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkókò náà kò gùn.

Ìhà tó já

Nígbà tí eegun mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó tẹ̀ léra bá ṣẹ́ ní ojú méjì méjì, abala àyà kan ti já kúrò lára ìyókù. Àwọn dókítà tó kọ́ṣẹ́ ní èdè Faransé ń pè é ní volet, orúkọ ìlẹ̀kùn pákó ojú fèrèsé, nítorí pé ó ń lọ ó ń bọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ tú aṣọ aláìsàn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo àyà láti ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí àyà tó kù bá gbéra, abala yìí yóò wọnú. Nígbà tí tó kù bá sọ̀ kalẹ̀, yóò yọ síta. Ojú lásán ló ń rí i. X-ray lè máà fi eegun tó ṣẹ́ hàn rárá. Síkánà ló ń fi gbogbo rẹ̀ hàn.

Lábẹ́ ìhà tó já, ẹ̀dọ̀fóró ti fara gbọgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ń rọ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń burú sí i fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Nítorí náà ni ẹni tó ń mí dáadáa ní ìrọ̀lẹ́ fi lè di ẹni tí kò lè parí gbólóhùn kan ní òwúrọ̀. Ẹ má da omi sí i lára ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí wọ́n ṣe dé orí irin

Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, àwọn dókítà máa ń fi ìkọ́ mú ìhà tó já láti ìta, wọ́n á sì fi okùn àti òṣùwọ̀n fà á sókè fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ní 1956, Avery àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dábàá pé kí ẹ̀rọ tó ń báni mí máa ti àyà láti inú, kó dà bí igi tí wọ́n fi gbé ògiri dúró. Gbogbo ayé tẹ̀ lé e fún bí ogún ọdún. Àmọ́ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń mú òtútù àyà wá. Ní 1975, Trinkle fi hàn pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ń ṣe dáadáa láìsí ẹ̀rọ, bí a bá tọ́jú ìrora wọn tí a sì fọ ẹ̀dọ̀fóró wọn mọ́.

Àwọn díẹ̀ ṣẹ́ kù tí oògùn ìrora kò lè gbà. Nítorí tiwọn ni wọ́n ṣe padà sórí iṣẹ́ abẹ. Ní ilẹ̀ Faransé, Judet ṣe irin pẹlẹbẹ tó ní èékánná, tó ń di eegun ìhà mú láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tanaka lo irú rẹ̀ ní Japan fún àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ. Nínú ìwádìí rẹ̀ tó jáde ní 2002, ènìyàn 37 ni wọ́n pín sí méjì. Àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lo ọjọ́ 10.8 lórí ẹ̀rọ, àwọn yòókù lo 18.3.

Èyí tó sún mọ́ wa jù wá láti Íjíbítì. Ní 2005, Granetzny àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí lórí ènìyàn 40 jáde, 20 fún iṣẹ́ abẹ, 20 láìsí i. Wọn kò lo irin olówó iyebíye: ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ àti okùn irin tí ilé ìwòsàn èyíkéyìí tó ń to eegun ní lọ́wọ́ ni wọ́n lò. Àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún tí wọ́n nílò ẹ̀rọ lo nǹkan bí ọjọ́ méjì lórí rẹ̀. Àwọn yòókù lo bí méjìlá. Mo gbà pé ìwádìí yìí yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní Áfíríkà mọ̀ ọ́n. Ewu okùn àti ọ̀pá ni pé wọ́n lè yẹ̀ kúrò ní àyè wọn, nítorí náà ni irin pẹlẹbẹ fi borí wọn níbi tó bá ti wà.

Ìwádìí tó tóbi jù lẹ́yìn náà wá láti Kánádà àti Amẹ́ríkà ní 2022, pẹ̀lú ènìyàn 207. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo wọn pọ̀, iye ọjọ́ tí wọ́n lò láìsí ẹ̀rọ kò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti wà lórí ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ ló jàǹfààní. Èyí kọ́ wa pé irin kì í ṣe fún gbogbo ẹni tí eegun ìhà rẹ̀ ṣẹ́.

Ta ló yẹ, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é

Ẹni tó ní ìhà tó já tí èémí rẹ̀ ń burú, tàbí tó ti wà lórí ẹ̀rọ nítorí rẹ̀, ni àkọ́kọ́. Ẹni tí eegun púpọ̀ ṣẹ́ fún tí orí wọn sì ti kọjá ara wọn, tí àyà sì ti bọ́ sínú, wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí gbogbo oògùn ìrora ti kùnà fún, tí kò lè wúkọ́. Bí wọ́n bá sì ń ṣí àyà fún ìdí mìíràn, wọ́n lè to eegun kí wọ́n tó jáde. Ẹni tí orí rẹ̀ fara pa gidigidi, tàbí tí ìfúnpá rẹ̀ kò tíì dúró, kó dúró ná.

Ó dára kó wáyé láàárín wákàtí 72. Lẹ́yìn ìyẹn, ara ti ń wú, eegun ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun rírọ̀ bo ojú rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró sì lè ti gba kòkòrò.

Wọ́n dá aláìsàn lé ẹ̀gbẹ́ tí kò fara pa. Síkánà ti sọ eegun tó yẹ kí wọ́n tò, nítorí náà wọn kì í ṣí gbogbo ìhà sílẹ̀. Wọ́n gé awọ ní ojú ibi tó ṣẹ́, wọ́n sì ya iṣan ẹran sí ọ̀nà tí okùn rẹ̀ gbà dípò kí wọ́n gé e. Wọ́n fi awọ tó bo eegun sílẹ̀ bó bá ti lè rí, nítorí pé láti inú rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó ń wo eegun sàn ti ń wá. Wọ́n fa orí méjèèjì padà sí ipò, wọ́n gbé irin pẹlẹbẹ titáníọ̀mù tí wọ́n ti tẹ̀ bí ìhà lé e, wọ́n sì fi síkúrúù dè é, ó kéré tán mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wọn bí eegun ṣe nípọn kí wọ́n tó yan síkúrúù. Èyí tó gùn jù yóò máa ha ẹ̀dọ̀fóró.

Eegun kẹta sí ìkẹwàá ni wọ́n sábà ń tò. Àkọ́kọ́ àti ìkejì jìnnà, wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ńlá. Ìkọkànlá àti ìkejìlá kò fi bẹ́ẹ̀ kó ipa nínú èémí. Kì í ṣe dandan kí wọ́n to gbogbo ojú tó ṣẹ́. Bí ògiri bá ti le tó láti gbéra pọ̀, ó tó. Wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú àyà, wọ́n fi rọ́bà sílẹ̀, wọ́n sì rán an. Ibi tí wọ́n gé lè gba kòkòrò, ẹ̀jẹ̀ lè tún dà, síkúrúù lè tú, ìrora sì lè pẹ́ lára àwọn mìíràn.

Láti Kétu dé ibi tí irin wà

Ní Pobè ni ilé ìwòsàn agbègbè wà fún Pobè, Adja-Ouèrè àti Kétu. Ilé ìwòsàn ẹkùn wà ní Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ilé ìwòsàn yunifásítì CNHU Hubert Koutoukou Maga sì wà ní Kútọnu, ó lé ní 100 kìlómítà sí Kétu. Àwọn ará Kétu mìíràn máa ń kọjá ẹnu ibodè lọ sí Abẹ́òkúta, tàbí kí wọ́n dé UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn, tó ṣí ilẹ̀kùn ní 1957. Wákàtí 72 kò gùn tó bí ẹ bá lo méjì nínú ọjọ́ mẹ́ta náà lórí ìpinnu ẹbí àti ọ̀rọ̀ owó. Ìṣẹ́jú tí ẹ bá rí ìhà tó já ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gbígbé e lọ. Ẹ pe ilé ìwòsàn tí ẹ ń rán an sí kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín.

Kó tó wọ ọkọ̀: kó ti gba oògùn ìrora; kí ọ́síjìn tó tó ìrìn náà wà; kí rọ́bà àyà wà nínú rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ bá wà. Ẹ má ṣe fún rọ́bà náà pa nítorí ìrìn àjò, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá há sínú lè pa á lójú ọ̀nà. Kí ìgò wà nílẹ̀ ọkọ̀, kí ẹnì kan dì í mú ṣinṣin. Kó jókòó dà sẹ́yìn díẹ̀ bí ìfúnpá àti eegun ẹ̀yìn bá gbà bẹ́ẹ̀. A kì í gbé e lórí alùpùpù, kódà fún kìlómítà kan.

Eegun ìhà ń so pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ó sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àgbà. Irin máa ń wà lára títí láé bí kò bá yọni lẹ́nu. Akọ̀pẹ tí wọ́n tò láyà yóò béèrè ìgbà tí òun lè padà dé orí ọ̀pẹ. Kó má gbé ẹrù tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán, kó máa ṣe eré ìdárayá èémí lójoojúmọ́, kí dókítà sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó tún so igbà mọ́ra.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ìyá ẹni ọdún 70 kan ṣubú nílé ní Adja-Ouèrè. Eegun ìhà mẹ́ta ló ṣẹ́, kò sí ìhà tó já, ẹ̀rọ ìka sì fi hàn pé ọ́síjìn ara rẹ̀ dára. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú un lọ sílé. Kọ ohun tí ìwọ yóò sọ fún wọn àti ìtọ́jú tí ìwọ yóò fún un ní wákàtí 48 àkọ́kọ́.

Ọlọ́kadà ẹni ọdún 25 kan dé láti ojú ọ̀nà Ìlárá ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Eegun karùn-ún sí ìkẹjọ ṣẹ́ ní ojú méjì ní ọ̀tún, mìlílítà 400 ẹ̀jẹ̀ ló sì jáde nígbà tí a ti rọ́bà bọ̀ ọ́; kò sí òmíràn lẹ́yìn náà. Ìgbà wo ni wákàtí 72 rẹ̀ parí? To gbogbo ohun tí ìwọ yóò ṣe láti agogo mẹ́wàá títí ọkọ̀ yóò fi gbéra tẹ̀ léra, kí o sì sọ ìdí tí o fi fi ọ̀kan ṣáájú èkejì.